Ọ̀bẹ Kì Í Gbẹ́ Èkù Ara Rẹ̀: Ẹni Tó Ń Kọ Sọ́fítíwíà àti Ẹni Tó Ń Dán An Wò

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ̀ bóyá áàpù báńkì kan dára, kó má wulẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti kọ ọ́. Kó lọ dúró lábẹ́ afárá Ojú Ẹlẹ́gbà ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Níbẹ̀ ni èrò Múṣín, èrò Yábàá àti èrò Sùúrùlérè ti ń pàdé. Níbẹ̀ ni ẹnì kan ti ń fi fóònù tí gíláàsì rẹ̀ ti là sanwó fún ìyá tó ń ta ata, tí bátìrì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ tó ń bọ̀, tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ sì ń pariwo sí i létí. Bí owó bá kúrò ní àkáǹtì ẹni tó san án, tí kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tajà, ìjà dé nìyẹn. Ẹnì kan á ní, "Mo ti san án." Ẹnì kejì á ní, "N ò rí álẹ́ẹ̀tì." Kò sí òpùrọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Bí a bá gba ọ̀nà Téjúoṣó kọjá níbẹ̀, kò pẹ́ tí a ó fi dé Yábàá, níbi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ sọ́fítíwíà ilẹ̀ wa ti gbérí. Ọdún 2011 ni CcHUB, ibùdó àwọn tó ń dá iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀, ṣí ilẹ̀kùn ní òpópónà Herbert Macaulay. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ ọdún 2016 ni Mark Zuckerberg tó dá Facebook sílẹ̀ yọ sí wọn níbẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Bọ́sún Tìjání, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ibẹ̀ sílẹ̀, sì di mínísítà ìjọba àpapọ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Nínú gbogbo ìròyìn tí a ń kà nípa Yábàá, dẹfẹ́lọ́pà, ìyẹn ẹni tó ń kọ sọ́fítíwíà, ni akọni. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn wà tí wọn kì í sábà dárúkọ: tẹ́sítà, ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún pé kó wá ibi tó ti jò. Ọ̀nà tí àwọn méjèèjì ń gbà ronú yàtọ̀ síra, ìyàtọ̀ náà sì kan gbogbo ẹni tó ní fóònù lọ́wọ́.

Èrò méjì lórí iṣẹ́ kan

Dẹfẹ́lọ́pà ní láti gbà gbọ́ pé ohun tí kò tíì sí lè wà. Ìgbàgbọ́ yẹn ni irinṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Á jókòó, á ro bí owó yóò ṣe kúrò níhìn-ín dé ọ̀hún, á sì máa to àṣẹ lé àṣẹ títí ọ̀nà yóò fi là. Bó bá ń bẹ̀rù gbogbo ohun tó lè bàjẹ́, kò ní lè kọ ìlà kan. Tẹ́sítà ní tirẹ̀, ìbéèrè ló fi ń ṣiṣẹ́. Kó tó ṣí áàpù náà ló ti gbà pé àṣìṣe wà nínú rẹ̀. Ibi tó fara pamọ́ sí ni kò tíì mọ̀. Dẹfẹ́lọ́pà ń bi ara rẹ̀ pé, "Báwo ni n ó ṣe mú kó ṣiṣẹ́?" Tẹ́sítà ń béèrè pé, "Ìgbà wo ni kò ní ṣiṣẹ́, ta ni yóò sì jìyà rẹ̀?"

Ní 1979, ará Amẹ́ríkà kan, Glenford Myers, tẹ ìwé kan jáde tí àwọn tẹ́sítà ṣì ń kà dòní, The Art of Software Testing. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó bá dán sọ́fítíwíà wò kó lè fi hàn pé ó dára, dídára rẹ̀ nìkan ni yóò rí. Ẹni tó bá wá àṣìṣe lọ ni àṣìṣe yóò hàn sí. Ó gba àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe fi ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ wọn sọ́wọ́ ara wọn. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú rẹ̀ ni Edsger Dijkstra, onímọ̀ ará Netherlands, ti ṣàlàyé pé ìdánwò lè jẹ́rìí pé àṣìṣe wà, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́rìí láéláé pé kò sí.

Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ ṣáájú wọn pé ẹni tó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun ń wọ́. Ẹni náà kì í ṣe aláìmọ̀kan. Iwájú ló kọjú sí ni. Bí kò bá kọjú síwájú, ọ̀nà kò ní là. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹlòmíràn dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà péré

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan ṣoṣo yẹ̀ wò: fífi ₦5,000 ránṣẹ́ láti orí fóònù kan. Dẹfẹ́lọ́pà á kọ ọ́ tán, á tẹ 5,000, á tẹ PIN, owó á dé ibi tó ń lọ. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ parí. Òótọ́ sì ni, ó ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Ìgbà yẹn ni ti tẹ́sítà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Á fi òdo ránṣẹ́. Á fi gbogbo owó inú àkáǹtì ránṣẹ́ láìṣẹ́ku, á tún fi iye tó fi kọ́bọ̀ kan jù ú lọ ránṣẹ́, nítorí ó mọ̀ pé ẹnu ààlà ni àṣìṣe fẹ́ràn láti lúgọ sí. Á pa dátà ní kété tó bá tẹ bọ́tìnnì, kí èsì tó dé. Á jẹ́ kí ẹnì kan pè é láàárín méjì. Á kó fóònù olówó pọ́ọ́kú jáde, èyí tí àwòrán àti fídíò ti kún inú rẹ̀ bámúbámú, nítorí irú fóònù bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Lẹ́yìn náà á tẹ bọ́tìnnì yẹn lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, bí ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń dà láàmú ṣe máa ń ṣe, á sì wò ó bóyá ẹ̀ẹ̀kan ni owó kúrò tàbí ẹ̀ẹ̀mejì.

Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ti dá ìjà sílẹ̀ rí láàárín oníbàárà àti báńkì. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: dẹfẹ́lọ́pà á fún ìfiránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí kọ̀ǹpútà báńkì lè mọ̀ pé èyí tó dé lẹ́ẹ̀kejì kì í ṣe owó mìíràn, èyí àkọ́kọ́ ló padà wá. Dẹfẹ́lọ́pà tó mọṣẹ́ á ṣe é láàárín àkókò díẹ̀. Ohun tó le ni kí ẹnì kan kọ́kọ́ béèrè.

Tẹ́sítà yóò tún kan orúkọ. Á tẹ orúkọ tó ní àmì ohùn lórí àti àmì lábẹ́, á wò ó bóyá áàpù náà yóò gbà á tàbí yóò sọ ọ́ di jágbajàgba. Á ro ọ̀rọ̀ ìbejì. Yorùbá wà lára àwọn tó ń bí ìbejì jù lọ láyé. Táíwò àti Kẹ́hìndé jọ ń jẹ́ orúkọ bàbá kan náà, ọjọ́ ìbí wọn dọ́gba, ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, ó sì lè jẹ́ nọ́ńbà fóònù ìyá wọn kan náà ni àwọn méjèèjì kọ sílẹ̀. Sọ́fítíwíà tí wọ́n kọ láti lé ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lè lé Kẹ́hìndé sẹ́yìn pé ó ti wọlé rí. Ẹni tó dàgbà ní Múṣín yóò ro ti ìbejì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìwé ìlànà tí wọ́n kọ ní California kò ní rán an létí.

Ó ku ìbéèrè kan: bí gbogbo ìlú bá dé lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé òun yóò pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2023, owó bébà ti di ohun àwátì, gbogbo wa sì ya bo áàpù báńkì. Áàpù tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dákú. Owó ń kúrò, kò dé. Álẹ́ẹ̀tì ń fò láti òní di ọ̀la. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dájọ́ pé owó àtijọ́ ṣì jẹ́ owó títí di ìparí ọdún náà. Dẹfẹ́lọ́pà tó bá fi fóònù tirẹ̀ nìkan dán iṣẹ́ wò kò lè rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn tẹ́sítà ní irinṣẹ́ tó lè ṣe bí ẹni pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n lè mọ ìwọ̀n èrò tí ilé náà lè gbà kí èrò tó dé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ wa ní 2025

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan nìyí, kó rántí JAMB. Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni àjọ náà gbé èsì ìdánwò àṣewọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga jáde. Nínú ọmọ tó lé ní 1,900,000 tó ṣe é, àwọn tó lé ní 1,500,000 ni kò gba tó 200 nínú 400. Ariwo sọ. Àwọn kan ní àwọn ọmọ ìwòyí kì í kàwé, pé fóònù ni wọ́n ń tẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ mọ ọmọ wọn, wọ́n sì figbe ta pé nǹkan ṣe.

Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, ọ̀gá àgbà JAMB, dúró níwájú àwọn oníròyìn, ó tọrọ àforíjì, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Àṣìṣe ti bá iṣẹ́ ọmọ 379,997 ní ibùdó ìdánwò 157: ibùdó 65 ní Èkó, tí ọmọ 206,610 ti ṣe é, àti ibùdó 92 ní ìpínlẹ̀ márààrún ilẹ̀ Ìgbò, tí ọmọ 173,387 ti ṣe é. Láti ọjọ́ 16 ni wọ́n ti ní kí àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe.

Kí ló fà á? JAMB ti yí ọ̀nà tó ń gbà da ìbéèrè àti ìdáhùn pọ̀ mọ́ra padà lọ́dún yẹn, kí ọmọ kan má baà lè wo ti ẹlòmíràn. Àwọn tó kọ sọ́fítíwíà náà ṣe àtúnṣe tó yẹ kó bá a mu. Ọ̀wọ́ sáfà méjì, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tó ń pín iṣẹ́ fún àwọn yòókù, ni wọ́n ń lò: ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní KAD àti ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní LAG. Àtúnṣe náà dé orí KAD. Kò dé orí LAG, èyí tó ń bójú tó Èkó àti ilẹ̀ Ìgbò. Kò sí ẹni tó rí i títí ìdánwò fi parí, títí èsì fi jáde.

Ibi tí èrò méjèèjì ti yà nìyí. Dẹfẹ́lọ́pà tó kọ àtúnṣe náà lè sọ, pẹ̀lú òtítọ́, pé iṣẹ́ òun pé. Lórí KAD, ó pé. Tẹ́sítà ì bá béèrè pé: ó pé níbo? Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ kan tí a mọ gbogbo ìdáhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ká jẹ́ kó ṣe ìdánwò lórí KAD, kó tún un ṣe lórí LAG, ká wo máàkì rẹ̀ bóyá ó dọ́gba. Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn ì bá gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Èkó lọ́wọ́ ẹkún, títí kan àwọn tó ń gbé láàárín Ojú Ẹlẹ́gbà sí Ìdí-Orò. Nígbà tí kò sí ẹni tó béèrè rẹ̀ ṣáájú, àwọn ọmọ ló fi ọjọ́ iwájú wọn béèrè rẹ̀.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 2012, ilé iṣẹ́ Knight Capital ní Amẹ́ríkà, tó ń ra ìpín ìdókòwò tó sì ń tà á, gbé sọ́fítíwíà tuntun sórí sáfà rẹ̀. Mẹ́jọ ni sáfà náà. Méje ló gba tuntun, ọ̀kan ṣẹ́ kù. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, ọ̀kan ṣoṣo yẹn ti fi ohun tó lé ní 400 mílíọ̀nù dọ́là ṣòfò. Ilé iṣẹ́ náà kò lè dá dúró mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Òmíràn ló gbà á.

Ti INEC, àjọ elétò ìdìbò, náà bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Ẹjọ́ òṣèlú inú rẹ̀ kọ́ ni mo wá dá. IReV, ibi tí wọ́n ń gbé ìwé èsì ìbò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ṣiṣẹ́ nínú ìbò gómìnà Èkìtì àti Ọ̀ṣun ní 2022. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, èsì ìbò ààrẹ kọ̀, kò gùn ún fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Àlàyé tí INEC fúnra rẹ̀ ṣe nínú ìròyìn tó gbé jáde ní 2024 ni pé abẹ́ ìpínlẹ̀ ni sọ́fítíwíà náà ń to èsì sí, bẹ́ẹ̀ ìbò ààrẹ kò sí lábẹ́ ìpínlẹ̀ kankan. Gbogbo orílẹ̀-èdè ni agbègbè rẹ̀. Ìbò gómìnà tó yọrí sí rere kò lè sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti béèrè pé "kí ló yàtọ̀ ní tọ̀tẹ̀ yìí?" nìkan ló lè rí i.

Ẹnu wo la ó fi sọ fún ẹ̀gbọ́n?

Ìṣòro mìíràn tún wà. Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì wa, tẹ́sítà ló kéré jù lọ́jọ́ orí, òun ló sì dé kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ló gba ẹnu iṣẹ́ yìí wọ agbo ìmọ̀ ẹ̀rọ, nílé àti ní ìlú ọba, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé kò fi dandan béèrè pé kí ènìyàn mọ bí a ṣe ń kọ sọ́fítíwíà. Dẹfẹ́lọ́pà ni "ẹ̀gbọ́n". Nígbà tí àbúrò bá dìde pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo tún rí nǹkan níbẹ̀ o," etí wa tí wọ́n fi ọ̀wọ̀ tọ́ lè gbọ́ ọ bí àfojúdi. Ẹ̀gbọ́n á ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tèmi." Àbúrò á dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló ń di owó tó sọnù lábẹ́ afárá.

Àṣà wa kan náà ló ní oògùn rẹ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Sísọ ọ́ kì í ṣe ìwọ̀sí. Ìfẹ́ ilé ni. Ṣùgbọ́n tẹ́sítà náà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n sọ. "Kò ṣiṣẹ́" kì í ṣe ìròyìn. Ìròyìn ni pé: fóònù báyìí ni mo lò, ohun báyìí ni mo tẹ̀ lé báyìí, mo retí èyí, ìyẹn ni mo rí, ó sì tún ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo tún un ṣe. Tẹ́sítà tó bá sọ ọ́ báyìí ti gba ìdajì iṣẹ́ lọ́wọ́ dẹfẹ́lọ́pà. Kó sì mọ èyí tó wúwo sí èyí tó fúyẹ́. Ẹni tó ń jà fitafita lórí àwọ̀ bọ́tìnnì nígbà tí owó ń kúrò lẹ́ẹ̀mejì ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ẹ̀tọ́ dẹfẹ́lọ́pà náà wà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, àṣìṣe tí a ń tìtorí rẹ̀ bú u kì í ṣe ti àìmọṣẹ́. Ọ̀gá ló ní kí ó parí lọ́jọ́ Ẹtì nítorí ó ti ṣèlérí fún olówó. Àkókò tí wọ́n bá dín kù, ti ìdánwò ni wọ́n ń kọ́kọ́ gé. Bẹ́ẹ̀ dẹfẹ́lọ́pà lè kọ́ láti yí ojú padà díẹ̀. Àwọn oní-táyà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ìtìrẹ́ kì í dá túùbù tí wọ́n lẹ̀ padà sínú táyà láìkọ́kọ́ rì í bọ omi. Ọwọ́ wọn ló lẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ omi ni wọ́n gbà gbọ́, wọn kò gba ọwọ́ wọn gbọ́. Dẹfẹ́lọ́pà tó bá ń kọ ìdánwò kéékèèké tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fúnra rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bá yí padà ti rí omi tirẹ̀. Kó má dúró de tẹ́sítà kó tó ṣe ìyẹn.

Àwọn kan yóò ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti ń pa iṣẹ́ méjèèjì pọ̀. Lóòótọ́, Microsoft ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2014. Àwọn dẹfẹ́lọ́pà gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìdánwò. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè kọ́kọ́ gbé nǹkan tuntun fún ìwọ̀nba oníbàárà, kó wò ó, kó sì gbà á padà kí àwọn yòókù tó mọ̀. JAMB kò lè gba èsì padà lọ́wọ́ ọmọ tó ti sunkún sùn. Àwọn ńlá náà sì ń ṣubú: ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, àtúnṣe kan ṣoṣo tí ilé iṣẹ́ CrowdStrike fi ránṣẹ́ mú kí kọ̀ǹpútà Windows tó tó 8,500,000 dákú káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú kò lè gbéra, àwọn ilé ìwòsàn kan sì dá àwọn iṣẹ́ kan dúró. Ohun tí CrowdStrike gbé kalẹ̀ láti yẹ àtúnṣe náà wò gan-an ni àṣìṣe wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mi sí àwọn tó ń dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Yábàá àti níbi gbogbo ni pé kí wọ́n gba tẹ́sítà ní ọjọ́ tí wọ́n bá gba dẹfẹ́lọ́pà, kí wọ́n má dúró di ìgbà tí oníbàárà bá figbe ta. Kí wọ́n fún un ní àṣẹ láti sọ pé "ó kù díẹ̀", kí ọ̀gá sì gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ mi sí àwọn àjọ ìjọba tí ọjọ́ iwájú ọmọ wa tàbí ìbò wa wà lọ́wọ́ wọn ni pé kí èsì kankan má jáde mọ́ láìjẹ́ pé ẹni tí kò sí lára àwọn tó kọ sọ́fítíwíà náà ti dán an wò lórí gbogbo sáfà, tó sì fọwọ́ síwèé. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ tẹ́sítà, ẹ má fi ṣe àkàbà tí ẹ ó gùn kọjá lásán. Iṣẹ́ ńlá ni. Bí ọ̀bẹ bá mú títí, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ̀yin ni ọ̀bẹ kejì.

Kò sí owó ìdánwò tí a kì í san. Ilé iṣẹ́ tó bá kọ̀ láti san án fún tẹ́sítà, ará ìlú ni yóò san án.